Bí A Ṣe Ń Wẹ̀ Lójú Ọ̀nà Ejìnrìn

Ọjọ́ kẹta tí bàbá wa jáde tí kò padà wálé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó aṣọ méjì-méjì sínú báàgì àgbékọ́yìn táwọn ọmọ rẹ̀ fi ń lọ sílé ìwé, ó ní ká máa lọ. Àwa obìnrin méjèèjì yìí péré ni bàbá bí, ìyá wa sì ti kú. Káfíńtà ni bàbá kí ìgbàgbé arúgbó tó mú un, irú èyí tí èèyàn á jí láàárọ̀ tá máa béèrè ilé tó ń gbé. A mú un wá láti Ìkìrun, a gba yàrá kan fún un nítòsí ibùdókọ̀ Benson, ní Ìkòròdú. A ti sọ fún ọlọ́pàá, a ti lẹ fọ́tò rẹ̀ káàkiri. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló sọ pé òun rí i tó forí lé ọ̀nà Ìtòìkín, pé ó ní òun ń lọ ra pákó lọ́jà Ejìnrìn.

Ẹsẹ̀ la fi rìn. Ọkọ̀ a máa sáré kọjá àwọn abúlé, bẹ́ẹ̀ inú abúlé la fẹ́ ti béèrè.

Òjò pa wá lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún wa, òógùn ti gbẹ mọ́ wa lára, èmi gan-an ń gbóòórùn ara mi. A wọ abúlé kan, mo na fọ́tò sí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé. Kò wò ó. Ó fọwọ́ bo imú.

"Ẹ máa lọ. A ò fẹ́ alágbe níbí."

"Bàbá, a kì í ṣe alágbe. Bàbá wa là ń wá."

Ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

A kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá ni ẹ̀gbọ́n mi ní, "A ò ní wọ abúlé kankan báyìí mọ́. Ẹni tó bá dọ̀tí, wọn kì í gbọ́ ohun tó ń sọ."

Láti ìgbà náà, ká tó wọ ìlú, a ó yà sínú igbó. Piọ́ wọ́tà kan fún un, ọ̀kan fún mi. Á fi eyín já etí ọ̀rá náà díẹ̀, kí omi lè máa tú jáde tín-ín-rín. Ojú àti ọrùn la kọ́kọ́ ń fọ̀, lẹ́yìn náà abẹ́ apá, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ ara, ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Tá a bá débi odò, kì í jẹ́ ká wẹ̀ nínú rẹ̀. A ó bu omi, a ó gbé e jìnnà, torí àwọn kan ń mu ún. A ń fọ pátá wa, a ń so ó mọ́ báàgì kó lè gbẹ bá a ṣe ń rìn, a sì ń fi gèlè bò ó nítorí ìtìjú. Síbẹ̀ itan mi bó. Mo ki ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń dá wa lóhùn. Ìyá kan ní òun fún bàbá ní gààrì, pé nígbà tóun béèrè orúkọ rẹ̀ ló dìde tó lọ.

Ọjọ́ kẹrin la dé Ejìnrìn. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Apẹja kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nawọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀ tó ṣófo. Bàbá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ẹnì kan ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, níbi tó jìnnà díẹ̀ sí i. Bàbá wò wá bí ẹni ń wo àlejò.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ tọrọ omi korobá kan. Bó ṣe fọwọ́ kan okùn ṣòkòtò báyìí, bàbá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ọmọ mi obìnrin ò gbọdọ̀ rí ìhòòhò mi."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ dá wa mọ̀?"

Ó ń sunkún, kò sì fi ṣòkòtò náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọwọ́ kúrò lára okùn náà.

"Bàbá, èmi kì í ṣe ọmọ yín," ló wí. "Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́n ní kí n wá wẹ̀ fún yín ni."

Bàbá wo ojú rẹ̀ títí. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Kí ọmọ mi má gbọ́ o."

Ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ omi. Èmi ni mo na ìró yí wọn ká. Nígbà tó mọ́ tán, a wọkọ̀ padà sí Ìkòròdú.

Ó lo oṣù méje sí i láyé. Nígbà mìíràn ó máa ń dá mi mọ̀. Kò dá ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mọ́ láéláé. Nọ́ọ̀sì ló ń pè é, ó sì máa ń bi í léèrè pé ìgbà wo ni àkọ́bí òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ó ń bọ̀, Bàbá," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá ì bá sàn kóun má sọ fún bàbá pé nọ́ọ̀sì lòun.