Ṣòkòtò Ọlọ́pàá Nínú Ìkòkò Aró Mi

Ọjọ́ tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ wọ agboolé wa ní Ìsẹ́yìn, gbogbo àwọn ahunṣọ tó wà nídìí òfì ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní òun fẹ́ lọ tọ̀, òmíràn ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Kí n tó nu ọwọ́ mi tán, èmi àti ewúrẹ́ nìkan ló kù nínú àgbàlá. Ọkùnrin náà dúró, ó gbé ọ̀rá dúdú kan sí abẹ́ apá, ó wo àwọn òfì tó ṣófo, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ṣé ibí ni ilé aláró?"

Mo ní, "Ibí ni. Ta ló ṣẹ̀ yín?"

Ó ní, "Oòrùn ni." Ó bá fa ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ yọ nínú ọ̀rá.

Bàrákà, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ti ń rẹ́rìn-ín. Má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò lọ sílé ìwé. Iṣẹ́ aró ni mo ṣe láti kékeré títí di òní, bí iṣẹ́ náà sì ṣe fún mi ní ọkọ lọ́jọ́ alẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ ná. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Ewé ẹ̀lú là ń gún, tí a máa sá gbẹ, tí a máa rẹ sínú omi eérú nínú ìkòkò ńlá títí yóò fi kan. Tó bá ti tó, ìfófòó rẹ̀ á máa dán, òórùn rẹ̀ á yí padà. Òwú tí o bá rì bọ̀ ọ́ á jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di dúdú níṣojú rẹ. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé a kì í jà nídìí ìkòkò aró, pé ìjà ló ń ba aró jẹ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a.

Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo po ìkòkò méjì, ewé kan náà, eérú kan náà. Mo gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìn ilé, mo fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo gbé èkejì sí àgbàlá, mo dúró tì í, mo wá ń bú ewúrẹ́ wa láti àárọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo bú bàbá ewúrẹ́, mo bú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi bá mi níbẹ̀, ó rò pé orí mi ti dà rú. Àmọ́ aró méjèèjì jáde dáadáa, ìkan ò sunwọ̀n ju ìkan lọ. Ìyá mi jókòó, ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, oníwàádìí. Kí ló wá ń bà á jẹ́?"

Nínú gbogbo ohun tó kọ́ mi, ìbéèrè yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Àwa méjèèjì wá a títí a fi rí i pé òtútù ọyẹ́ ni. Àsìkò ọyẹ́ ni ara máa ń kan ènìyàn, tí ìjà máa ń pọ̀ nínú ilé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi di gbogbo rẹ̀ ru ìjà. Láti ìgbà náà la ti ń fi àkísà wé ìkòkò wa tí ọyẹ́ bá dé, aró wa kì í sì í bàjẹ́ mọ́.

Ó wá mọ́ mi lára. Tí mo bá pa òwú láró, màá já díẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, màá sá díẹ̀ sóòrùn, màá fi ọṣẹ dúdú fọ díẹ̀, kí n lè fi wọ́n wé ara wọn. Èmi ò mọ̀wé kọ, kókó ni mo ń ta sí etí òwú kí n má baà ṣì wọ́n mú. Bàrákà ní sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pe ìyẹn ní ilé ìwé àwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ṣòkòtò. Rájí lorúkọ ọlọ́pàá náà, sájẹ́ǹtì ni, ọmọ Tẹ̀dé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ sílé ọkọ. Ọkọ tèmi náà ti kú, ó ti pẹ́. Ṣòkòtò rẹ̀ ti ṣá, ó ti dà bí eérú. Kákì gidi ni, mo mọ̀ pé á gba aró. Ohun tí mi ò fiyè sí ni pé kó tó gbé e wá, ó ti kọ́kọ́ gbé e fún télọ̀ kan tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí èjìká kiri, pé kó tún gbogbo ojú rírán rẹ̀ rán. Òwú funfun ni télọ̀ ní lọ́wọ́. Ó ní kí Sájẹ́ǹtì má ṣèyọnu, aró á bò ó.

Mo pa á láró títí ó fi dúdú kirikiri. Ìrọ̀lẹ́ ló wá gbà á, ó ṣì tutù, ojú wa ò rí nǹkan kan. Ó dé ilé, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó wọ̀ ọ́ lọ tò lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá yòókù níwájú ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tó padà dé àgbàlá mi, àwọn ahunṣọ ò tiẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó sá. Ṣòkòtò náà wà lára rẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, àmọ́ ìlà funfun gbọọrọ sọ̀ kalẹ̀ láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, òmíràn yí àpò ká, òmíràn là á láàárín ìdí.

Ó ní, "Ìyá Síkírù, ọ̀gá wa bi mí lórí ìlà pé ọgbà ẹranko wo ni mo ti wá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Abilà ni wọ́n ń pè mí ní bárékè báyìí."

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ojú mi ti lọ sára òwú yẹn. Mo ní, "Ẹ bọ́ ọ."

"Níbí?"

"Ìró mi wà lórí okùn yẹn. Ẹ ró o."

Bí ọlọ́pàá ìjọba ṣe ró ìró mi nìyẹn, tó jókòó sórí àpótí. Mo tú òwú funfun yẹn díẹ̀díẹ̀, mo ń nà án wò lójú oòrùn. Mo ti ń retí pé kó fi ìbínú sọ pé, "Kí lẹ ṣe sí aṣọ mi?" Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Kí lẹ rí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Àfi ìyá mi.

Mo ní, "Aṣọ gba aró, òwú kọ̀ ọ́. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n wà. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀."

Ó ní, "Bí ẹni méjì ṣe wà níbi ìjà kan náà, tí ẹnu wọn ò kò. A máa ya wọ́n sọ́tọ̀, a máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á máa ya ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ láti Ìsẹ́yìn títí dé Òtu, á ní kí wọ́n fún òun ní òwú díẹ̀. Àwọn télọ̀ rò pé ẹjọ́ ni, ẹlòmíràn tiẹ̀ ń búra pé òun ò mọ òwú náà rí. Ó ń kó gbogbo rẹ̀ wá fún mi, mo ń ta kókó sí i, mo ń já a sí méjì. Ìdajì á wọ inú aró, ìdajì á wọ inú iná. Àwọn kan jó di eérú, wọ́n ń rùn bí bébà tó ń jó. Àwọn kan yọ́, wọ́n ká jọ di kóro líle bíi rọ́bà.

Rájí ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé òwú aláró sí ẹ̀gbẹ́ ti inú iná, ó wò wọ́n títí, ó pariwo pé, "Ìyá Síkírù! Gbogbo èyí tó yọ́ ló kọ aró! Gbogbo èyí tó di eérú ló gbà á!" Ó fò sókè, ewúrẹ́ sá.

Òwú tí wọ́n gbìn lóko ń gba ẹ̀lú, òwú tó ní ọ̀rá nínú kì í gbà á. Mo tú gbogbo ṣòkòtò yẹn, mo fún télọ̀ ní òwú gidi kó fi tún un rán, mo tún pa á láró. Ọ̀gá rẹ̀ bi í pé ibo ló ti ra tuntun. Kò pẹ́ sígbà náà ni ṣòkòtò ọlọ́pàá kún orí okùn mi bámúbámú, tí ẹni tó ń kọjá á fi máa rò pé bárékè ti kó wá sílé wa. Àwọn ahunṣọ ò sá mọ́.

Lọ́jọ́ kan ó wá, kò gbé ọ̀rá dání.

Ó ní, "Ìyá Síkírù, mi ò ní ṣòkòtò mọ́."

"Kí lẹ wá gbé wá?"

"Ara mi ni."

Mo dá a lóhùn pé kó jẹ́ kí n rò ó, àmọ́ mo ti rò ó tán tipẹ́. Síkírù ni ìṣòro mi. Àkọ́bí mi ni, òun ni bàbá Bàrákà, ahunṣọ ni. Ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, ọlọ́pàá kan ti tì í mọ́lé rí lórí ọ̀rọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ti Rájí, ó ju ọ̀kọ̀ òfì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ fẹ́ alápatà. Ẹ fẹ́ awakọ̀. Ẹ fẹ́ ẹni tó bá wù yín. Ọlọ́pàá kọ́!"

"Èyí yàtọ̀, Síkírù."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká má gba nǹkan kan gbọ́ láìdán an wò. Ẹ ti dán òwú wò. Ẹ ti dán ewúrẹ́ wò. Ṣé ẹ ti dán òun wò?"

Mi ò tíì dán an wò. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí mo bá dán an wò, mo lè rí ohun tí mi ò fẹ́ rí. Mo fẹ́ Rájí, àmọ́ mi ò lè jókòó níwájú Àáfà kí wọ́n máa so yìgì mi, kí ọmọ mi kẹ̀yìn sí mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rájí wọlé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ní kó jókòó, kò jókòó.

Ó ní, "Ìyá Síkírù, mo gba ọ̀kadà Síkírù lójú ọ̀nà Òtu lónìí. Kò ní ìwé lọ́wọ́. Ó ní ọmọ yín ni òun. Mo ní mo mọ̀. Bárékè ni ọ̀kadà wà títí yóò fi kó ìwé rẹ̀ wá. Mo ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín. Tí ẹ bá ní kí n má wá mọ́ nítorí ẹ̀, mo gbà."

Àwọn obìnrin ilé ti gbọ́. Ariwo ta. "Ẹ gbà wá o! Ó fẹ́ fẹ́ ìyá, ó gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ọmọ!" "Ṣé irú àna tó fẹ́ jẹ́ nìyẹn?"

Mo gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, ṣé ẹ gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ó na owó sí mi. Mi ò gbà á."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni Síkírù wọlé, eruku ti bò ó dé irùngbọ̀n, ó ti fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ tààrà. Nígbà tó jáde, ìwé ọ̀kadà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Abẹ́ ẹní mi ni mo dìídì fi í sí. Mo ní tó bá jẹ́ kí n kọjá nítorí ìyá mi, ojúsàájú ni. Tó bá gba owó, olè ni. Mi ò rò pé nǹkan mìíràn wà tó lè ṣe." Ó wo Rájí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó gba ọ̀kadà. Ó wá ra omi tútù fún mi kí n tó máa rìn bọ̀." Ó yíjú sí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo fọ̀ ọ́, Ìyá, mo sá a sóòrùn. Kò ṣá."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Rájí nínú eruku yẹn.

Rájí di orí mú. "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń kí àlejò nínú ilé yìí nìyí?" Ó fà á dìde. "Àmọ́ ọ̀kadà ṣì wà ní bárékè o. Kó ìwé wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ẹkún ló gbà mí lẹ́nu, ẹkún ayọ̀.

Síkírù fúnra rẹ̀ ló hun agbádá tí Rájí wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, òwú tí mo pa láró ló sì fi hun ún. Ó hun fìlà mọ́ ọn, ó fi òwú funfun kan ṣoṣo fa ìlà yí i ká. Àáfà rí i, ó ní ṣé aró ò kárí ni.

Rájí fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Ó ní, "Rárá, Àáfà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́ ni, ìlà oyè mi nìyí."

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Òun ló ń sẹ́ eérú fún mi, tó ń lé ewúrẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí ní "kí ló dé" tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi fi ń hó, inú mi á sì máa dùn. Mo ti já díẹ̀ pamọ́ sínú àpótí lára òwú agbádá yẹn. Tí mo bá ti fọ agbádá náà, màá yọ èyí tó wà nínú àpótí jáde, màá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú oòrùn. Wọn ò tíì yàtọ̀.

Lánàá, agbádá náà wà lọ́rùn Rájí, ó bi mí pé ìgbà wo ni ó máa tó mi, ìgbà wo ni màá dẹ́kun àyẹ̀wò.

Mo ní, "Ẹ bọ́ ọ, Sájẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kí n tún un fọ̀ wò."

Ó bọ́ ọ, ó lọ mú ìró mi lórí okùn.