Lékeléke Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Bísíkíìtì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agége, mo rí awọ́nríwọ́n, tí kò ju aláǹgbá ńlá lọ, mo pè é ní ọ̀nì, mo sì sá gun igi gúáfà kan tí kò ga ju èmi fúnra mi lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló fà á, ọmọ olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Èkìtì. Ìròyìn ọ̀bọ àti ìgalà ìlú wọn kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí lójú gbogbo ọmọ àdúgbò pé, "Ẹ̀yin ará Èkó yìí, ṣé ẹ̀rọ lẹ máa ń sìn bí adìẹ ni?" Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo ní kó di Sátidé, màá fi hàn án pé Agége náà ní tiwa.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, àsìkò tí lékeléke máa ń dé nìyẹn. A ra búrẹ́dì gbígbóná, a tẹ̀ lé ojú irin títí a fi yà sí àbàtà kan lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì. Èmi ni mo ṣíwájú, mo ń ṣe bí ọ̀gá ọdẹ. Mo ní, "Má sọ̀rọ̀ o. Bí o bá wúkọ́ lásán, wọ́n ti lọ nìyẹn." Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń bà lé ọparun etí àbàtà títí ọparun fi ń tẹ̀.

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti fi ìrù gbá mi lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀nì! Ó ti pa mí o!" Mẹ́gáádì ilé-iṣẹ́ náà pàápàá gbọ́ igbe mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí gúáfà, ẹsẹ̀ mi ṣì ń kan ilẹ̀. Awọ́nríwọ́n tí ẹ̀rù mi bà ti kó sínú omi. Gbogbo lékeléke sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run funfun láti orí àbàtà dé orí páànù ilé-iṣẹ́, ìró ìyẹ́ wọn bo ìró ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì wà lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi, kò rántí jẹ ẹ́.

Ojú irin la tún gbà padà sílé. Mo ti bá ara mi ro orúkọ tí wọn yóò máa pè mí: Ọlọ́nì.

Lónìí, wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà náà. Ilé ìkẹ́rùsí ló wà níbẹ̀, tirela ló ń sùn níbi tí lékeléke ń sùn. Bí mo bá ròyìn ẹyẹ ọjọ́ náà fún ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ó ní Bàbá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gba tèmi gbọ́, ẹ gba ti ọmọ Èkìtì.

Torí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń dúró dè wá lójú títì lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó sọ ohun tó rí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó sá lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí kò bá ké ni, orí ọparun nìkan la ò bá ti rí àwọn lékeléke náà. Ẹyẹ tó fò lórí wa lónìí, n ò rí irú rẹ̀ rí nílé wa."