Kí Sófì Olótùútù Tó Kọjá

Lorenz Habicht kì í kánjú gbin òdòdó. Iṣẹ́ òrùlé kíkàn ló fi jẹun títí eékún rẹ̀ fi kọ àkàbà, ṣùgbọ́n ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìn ojú irin ní Zwickau, nílẹ̀ Jámánì, ni ọkàn rẹ̀ ń gbé. Níbẹ̀ ló ti ń gbin ogbe àkùkọ, òdòdó ilẹ̀ gbígbóná tó pupa bí àrán, tó dà bí ẹni tó ṣìnà dé ìlú òtútù. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ti ń mú irúgbìn rẹ̀ hù nígbà tí yìnyín ṣì bo ìta. Bí oòrùn oṣù Karùn-ún bá wá mú, tí Irmtraud aya rẹ̀ ní kí wọ́n gbé wọn lọ sọ́gbà, èsì kan náà ni:

"Sófì kò tíì kọjá."

Sófì Olótùútù ni ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà. Òun ló ń kó ìrì dídì ìkẹyìn bọ̀. Ẹni tó bá gbin ohun ẹlẹgẹ́ ṣáájú rẹ̀, ẹkún ni yóò ká.

Lọ́dún yìí, àrùn rọpárọsẹ̀ dá Lorenz dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní ó lè má rí ìparí ìgbà ooru. Ohun kan ṣoṣo ni Irmtraud ń fẹ́: kí ọkọ òun fojú kan ogbe àkùkọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí òun bá tètè gbìn ín, yóò tètè tanná. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́gbà kí Sófì tó dé.

"Irmtraud, ṣé orí ẹ pé?" Gerlinde tó ni ọgbà ẹ̀gbẹ́ tiwọn pariwo. "Lorenz á fi ṣọ́bìrì lé ẹ!"

"Kó dìde wá lé mi. Inú mi á dùn."

Gerlinde padà sínú ọgbà tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sófì, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ jọwọlọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀.

Nọ́ọ̀sì tuntun kan, àjèjì sí ìlú náà, pàdé Irmtraud lẹ́nu ọ̀nà yàrá Lorenz. Ojú ń tì í.

"Màmá, ẹ má bínú o. Láti àárọ̀ ni Bàbá ti ń pe Sófì. Ta ni obìnrin yẹn?"

"Orogún mi ni," Irmtraud dáhùn. "Ó sì ti borí mi."

Ahọ́n Lorenz wúwo. "Ṣé… Sófì ti kọjá?"

Irmtraud fẹ́ parọ́. Ó wo erùpẹ̀ tó wà léèékánná rẹ̀.

"Ó ti dé. Ó kó gbogbo wọn lọ. Èmi ni mo kánjú, Lorenz. Mo fẹ́ kí o rí i ni."

Ẹ̀rín yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀. "Olórí kunkun. Irúgbìn… ṣì kù nínú agolo. Fọ́n ọn sílẹ̀."

"Kò ní tanná kí ooru tó lọ tán."

"Mo mọ̀."

Irmtraud fọ́n ọn. Ewé kò tíì kúrò ní méjì-méjì tí Lorenz fi kú.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, wọ́n tanná, kékeré, pupa fòò. Gerlinde gbé ọ̀bẹ wá.

"Jẹ́ ká gé díẹ̀ lọ sí ibojì rẹ̀."

Irmtraud di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́.

"Irúgbìn wọn kò tíì gbó. Ní sùúrù."