Fíláàṣì Àárọ̀ Láti Ìgàndó

Kí fóònù alágbèéká tó dé Ẹgbẹ́dá, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo jí dáadáa, ẹsẹ̀ ni yóò fi wá. Èédú ni mò ń tà níwájú ilé tí mò ń gbé, ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn ń kọjú síra wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wà ní yàrá kejì. Opó ni, opó lèmi náà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun, èmi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. A ò bá ara wa tan rárá, ṣùgbọ́n tí mo bá wúkọ́, òun ni yóò kí mi ní pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́lé sí Ìgàndó, tó wá kó o lọ, ilé wá pa rọ́rọ́.

Ìgàndó kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń dùn mí nígbà yẹn, ọ̀nà náà sì kún fún kòtò. Ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ra fóònù kékeré kan fún mi, ọmọ tiẹ̀ náà ra fún un. Làwa méjèèjì bá ṣe àdéhùn pé tí a bá ti kírun àsùbáà tán, òun yóò fíláàṣì mi, èmi náà yóò fíláàṣì rẹ̀ padà. Kó dún, kó gé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Mo jí o, ìwọ ńkọ́?” Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e, torí kírẹ́dítì.

Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì gbé e. Ó lọgun:

“Àlájà tí ò rí Mẹ́kà! Olè ni ẹ́! O ti jẹ kírẹ́dítì mi!”

“Ṣebí èédú mi lo fi ń se ẹ̀wà! Ta ni olè?”

A rẹ́rìn-ín títí kírẹ́dítì náà fi tán.

Ọ̀rẹ́ mi kì í tètè rí bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gé e. Tiẹ̀ máa ń dún lọ títí ni, bí ọmọ tó ń sunkún oyàn, kó tó dákẹ́. Bí mo ṣe mọ̀ pé òun ni nìyẹn, tí mi ò fi ní wo ojú fóònù.

Àwọn èèyàn ń sọ pé ayé ti lu jára, pé fóònù ti mú ọ̀nà jíjìn wá sí tòsí. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rẹ́ mi ò wá mọ́, èmi náà ò sì lọ. Ẹni tó ti gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun jí, kí ló tún fẹ́ wọ ọkọ̀ fún?

Nígbà tó yá, fíláàṣì náà yí padà. Yóò dún fìrí, yóò gé. Mo ní, ẹ wo arúgbó yìí, ó ti mọ bọ́tìnnì lò jù mí lọ! Mo dá tèmi padà. Lọ́jọ́ kejì, fìrí. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà, títí ó fi lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ni mo bá pè é lọ́sàn-án kí a lè jọ sọ̀rọ̀. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ilẹ̀ mọ́, fíláàṣì tún wọlé. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Ìgàndó.

Ọmọ rẹ̀ ló ṣí géètì. Kí n tó kí i, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ gba omi.”

Mo ti dàgbà ju kí wọ́n fún mi nírú omi yẹn kí n má mọ̀.

“Ìyá ẹ dà?”

Omijé ló fi dá mi lóhùn. Wọ́n ti sin ín. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ pàápàá.

“Ẹ ní fóònù lọ́wọ́! Ẹ ò lè sọ fún mi?”

“Màmá, ẹ má bínú. Àwọn àgbà ilé wa ló ní a kì í túfọ̀ fún àgbà lórí fóònù, pé kò yẹ kí ẹ gbọ́ ọ ní ẹ̀yin nìkan nínú yàrá. Wọ́n ní àwọn máa fẹsẹ̀ ara wọn wá bá yín. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ la ń dúró dè.”

“Ta ló wá ń fíláàṣì mi?”

Ó dojú bolẹ̀. “Èmi ni. Mo mọ̀ pé tí kò bá dún, ẹ máa bọ́ sọ́nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín yẹn.”

Mi ò lè bá a wí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé tiwa náà nìyẹn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò di èjìká àgbà mú. Ohun tó dùn mí ni àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn tí mò ń sọ fún ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ pé mo jí.

“Ṣé kí n dá a dúró ni, Màmá?” ó bi mí. “Tí tiyín bá dún padà, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n ṣì wà ní yàrá.”

“Jẹ́ kí nọ́ńbà tiẹ̀ sinmi,” mo ní. “Fi tìrẹ ṣe é.”

Ó fi tiẹ̀ ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Ìgàndó lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà míì ó dún, nígbà míì kò dún, títí tí kò fi dún mọ́. Mi ò bínú sí i jàre. Ọmọ mi ní Àbújá ń pè lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ti ra fóònù ńlá tó ń gbé àwòrán jáde fún mi. Iwájú orí rẹ̀ ni mo sábà máa ń rí.

Tí mi ò bá wá jí lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Àwọn ayálégbé tuntun ti kún ilé, a ò mọ orúkọ ara wa. Mo rò ó títí, mo wá sọdá sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì.

“Ìyàwó, tí o bá rí i pé oòrùn ti yọ, tí mi ò tíì gbé àpò èédú síta, jọ̀ọ́, wá kan ilẹ̀kùn mi. Tí mi ò bá dáhùn, pe èèyàn.”

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ló wí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó mi orí. Íàpíìsì wà létí rẹ̀ méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tètè gbé àpò èédú síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì gbé àpótí ìjókòó mi síbi tí yóò ti rí mi.