Òwúrọ̀ Tí Àna Mi Kò Lè Dọ̀bálẹ̀

Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti wọlé ọkọ ní Àkúrẹ́, kò sí òwúrọ̀ tí mo jí nílé wọn tí ọkọ rẹ̀ kì í dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa tẹrí ba lásán, ó ní ìyá òun kò tọ́ òun bẹ́ẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, bíi tèmi. Bó bá ń kí mi, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán. Tíṣà ni ní Ìgbàrà-Òkè, bọ́ọ̀sì ló sì ń wọ̀ lọ láràárọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó jáde láti yàrá, apá òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìhà bí apá ẹni tí eéwo sọ lábíyá. Ó dé iwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kò lè lọ sílẹ̀, kò lè nàró.

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ lónìí."

"Mo mọ̀. Dìde, ọkọ wa, jẹ́ ká máa lọ."

Ike kékeré kan ló wà lábíyá rẹ̀. Àtọ̀ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ló sì ń gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, kò sì gbọdọ̀ tutù. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n fi ń gbà á níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn aláboyún ń jókòó sí ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó ní òun yóò ṣe é nílé. Ọmọ mi wá pè mí: "Dádì, ẹ gbé mọ́tò yín wá." Ìyá rẹ̀ ti kú. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ni ì bá pè.

Wọ́n ti lo ọdún kan ó lé díẹ̀ nílé ọkọ àti aya, oyún kò dé. Ìyá ọkọ ọmọ mi, tó ń gbé ní Oǹdó, ti sọ ọ́ sí i lójú nínú ilé ìdáná pé bí ọdún yìí bá fi parí tí òun kò gbọ́ nǹkan, òun mọ ilé tí òun yóò ti fẹ́ ìyàwó mìíràn fún ọmọ òun. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí ọmọ mi ṣe ló ti ṣe, wọn kò rí àléébù kan. Ó kan ọkọ.

Ọ̀nà Arákàlẹ̀ kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Mọ́tò ń rìn bí ìgbín, ọmọkùnrin náà jókòó gbọnrangandan.

"Bàbá, kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé mi lọ síbi báyìí."

"Ta ló wá yẹ?"

"Kò yẹ ẹnì kankan."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín yẹn ló tú u lẹ́nu. Ó ní ṣé mo rántí ibà tó ṣe òun lóṣù tó kọjá? Mo rántí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ sú wẹẹrẹ, gbogbo oríkèé ń ro ó. Ó ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó mu àgbo lé e, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ibà náà ni gbogbo ara gbígbóná. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lẹ́yìn tí ara tutù, ẹpọ̀n rẹ̀ kan wú, ó sì ń dùn ún. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún ìyá. Ó rò pé àpò sìmẹ́ńtì tí òun gbé ló fà á.

Ẹ̀fọn ni ọkàn mi lọ bá. Ìmọ̀ nípa ẹranko àti kòkòrò ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń bá wa fọ aṣọ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. A máa ń kó agolo jọ lẹ́yìn ilé tí à ń gbé láti wá ìdin ẹ̀fọn. Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀fọn kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun, ọ̀sán ló ń jẹni, omi mímọ́ tí èèyàn pọn pamọ́ ló sì ń yé sí. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Oǹdó, wolé-wolé máa ń wá yẹ ìkòkò omi àwọn ìyá wa wò. A ń bẹ̀rù wọn bí ikú. Ta ló ń wá mọ́? Ẹ̀rọ omi kò yọ ládùúgbò ọmọ mi, dúrọ́ọ̀mù omi òjò ló wà lẹ́yìn ilé ìdáná, kò ní ọmọrí. Alaalẹ́ ni wọ́n ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn tí ẹ̀fọn ti jẹ wọ́n tán lọ́sàn-án.

Nígbà tí èsì jáde, ọkọ ọmọ mi bẹ̀ mí pé kí n bá òun wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà, obìnrin tí mo lè bí, sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì lágbára láti rìn. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú.

"Ó jọ pé fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹ̀fọn ń gbé, Síkà, ló kọjá lára yín. Ó lè wọ kóró ẹpọ̀n, ó sì lè pẹ́ nínú àtọ̀ lẹ́yìn tí ibà bá ti lọ. Mi ò lè búra pé òun nìkan ló fà á, torí oyún ti ń pẹ́ kí ibà yẹn tó dé. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, nǹkan máa ń padà sípò. Ẹ jẹ́ ká tún un yẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta sí i. Títí dìgbà náà, ẹ máa lo rọ́bà, kó má bàa ran ìyàwó yín. Bó bá lóyún nígbà tí àrùn náà wà lára rẹ̀, ó lè ṣe ọmọ inú léṣe."

Oṣù mẹ́ta. Ọdún yóò ti parí.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kàwé nípa ẹ̀fọn. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún Mọ́mì."

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti tọkọtaya náà jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi. Mo ti orí ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀, mo sì ń bọ̀ wá sórí omi nígbà tó dá mi dúró.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọn wo ni kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún?"

"Mọ́mì, èmi ni," ọmọ rẹ̀ wí. "Wọ́n yẹ ìyàwó mi wò, kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni ara mi kò tíì yá."

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀ títí. "Ta ló ní kí o máa sọ irú èyí níwájú àna mi?"

"Àna yín ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn."

Ó yíjú sí mi. Mo ń wo bàtà mi. Ó wá bi ọmọ mi pé, "Ìyàwó, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Mà."

"O wá jókòó, o ń jẹ́ kí n máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ọ́?"

Ìyá náà dìde lórí àga rẹ̀, ó lọ jókòó tì í, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò bẹ̀bẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìyàwó tí mo ní mo máa fẹ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má rán mi létí mọ́. Nígbà wo lẹ tún ń lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Ó di oṣù mẹ́ta," ọmọ rẹ̀ dáhùn.

"Èmi náà máa bá yín lọ."

"Mọ́mì, ẹ ò lè bá mi wọ yàrá tí wọ́n ti ń gbà á yẹn."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn rí.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni ìyá ọkọ rẹ̀ bi í, kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé mo ní mo fẹ́ wọlé ni? Mo máa dúró níta."