Géètì Tí Mo Ṣí Kó Tó Yá

Omi lásán ni Bàbá Ìdòwú kọ́kọ́ rọ sínú pompa fún mi. Pompa ni àwọn ará Italy ń pe ẹ̀rọ ìfín-oògùn apèpò tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pọn ọmọ: ike ńlá tó ń gba lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, irin kan lápá òsì tí à ń tì sókè tì sódò kí omi lè jáde, àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹnu rẹ̀ ń fọ́n ọn. Ọjọ́ kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ní oko ẹṣin Signora Luisa lẹ́yìn ìlú Torino.

"Máa rìn," ni Bàbá wí. "Má sáré, má dúró. Bí ẹsẹ̀ ẹ bá ń yí padà, oògùn á pọ̀ níbì kan, á kéré níbòmíràn."

Mo rìn títí okùn fi bó mi léjìká. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ipa omi mi rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìtọ̀ màlúù. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọpẹ́ ni pé omi ni. Ká ní oògùn ni, o ti pa èyí tẹ́ṣin fẹ́ jẹ, o sì ti dá èyí tó yẹ kó kú sí."

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ló ti ṣiṣẹ́ ní Torino kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù, lẹ́yìn náà ló bọ́ sí oko yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pàdé rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí mo ti jókòó sílé láìníṣẹ́, òun ló sì bá mi bẹ Signora.

Èpò tí a ń bá jà jù lọ ni senecio, tó máa ń yọ òdòdó yẹ́lò láàárín koríko. Májèlé ni fún ẹṣin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣì wà láàyè, ó korò, ẹṣin kì í fẹnu kàn án. Lẹ́yìn tí a bá fín in ni ewu ń bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń rọ, ìkorò rẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ kò ní lọ. Nítorí náà, a ó ti géètì pápá pa títí yóò fi jẹrà, a ó sì fọwọ́ ṣa ìyókù kúrò kí ẹṣin tó wọlé.

"Ìgbà tó bá jọ pé ó ti kú ni kó o bẹ̀rù ẹ̀ jù," Bàbá a máa tẹnu mọ́ ọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kẹta mi, Ìdòwú, ọmọbìnrin rẹ̀, bímọ ní Modena. Bàbá àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fín pápá ìsàlẹ̀ ni. Kó tó lọ, ó ní, "Má ṣí géètì yẹn o. Pè mí kó o tó ṣe ohunkóhun."

Òjò kò rọ̀ lọ́dún náà. Oòrùn jó pápá òkè di eruku. Signora wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Rótìmí, il campo è pronto?" Ó ń bi mí bóyá pápá ìsàlẹ̀ ti yá.

Mo wo pápá náà, gbogbo senecio ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti wó lulẹ̀. Fóònù wà lápò mi, ṣùgbọ́n n kò pe Bàbá. Kí n má purọ́, ìgbéraga ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba patentino, ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ fín oògùn, mo sì fẹ́ kó rí i pé èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe láìsí Bàbá.

"Sì, signora. È pronto."

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i. Ẹṣin méjì wọlé, abo méjèèjì. Stella ni èyí àgbà, ọkọ Signora tó ti kú ló rà á fún un.

Nígbà tí Bàbá dé, tó rí wọn nínú pápá, ó sáré lé wọn jáde. N kò mọ̀ pé ó ṣì lè sáré bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó rún un: kò tíì jẹrà.

"Ta ló ṣí i?"

"Èmi ni, sà."

"A ní láti sọ fún Signora."

Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Ìwé mi wà ní Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá, mò ń dúró de permesso tuntun, ìwé àṣẹ ìgbé ní Italy. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ìwé yóò bá a lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, Bàbá ní bóyá wọn kò jẹ púpọ̀, a kò sì sọ fún Signora.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, Stella rù. Ó ń yí po nínú ilé ẹṣin, ó ń fi iwájú orí ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́, kò sí àtúnṣe. Signora fi ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin náà, ó bi wá léèrè ẹni tó pinnu pé kí a ṣí géètì pápá ìsàlẹ̀.

Mo ya ẹnu. Kó tó di pé ohùn jáde, Bàbá ti dáhùn: "Io, signora." Ó ní òun ni, orí fóònù lòun ti ní kí n ṣí i.

Wọ́n fún Stella ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Níta, mo bi Bàbá pé kí ló dé. Kò wojú mi. "Èmi ti ní ìwé. Ìwọ ò ní." Nígbà tí oṣù parí, Signora kò tún contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ṣe. Ọdún mẹ́ta ló kù kó gba pensione, owó ìfẹ̀yìntì. Ó kó lọ sí Modena, ó ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú yàrá òtútù iléeṣẹ́ ẹran.

Permesso mi jáde ní oṣù kẹta. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jẹ́wọ́ fún Signora.

"Perché me lo dici adesso?" Ó fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ ìsinsìnyí ni mò ń sọ.

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìwé mi ti dé ọwọ́ mi. Ó pe Bàbá lójú mi, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà. Bàbá dúpẹ́, ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí yóò tún kó ẹrù lọ. Mo ń retí kí Signora lé mi. Kò lé mi. "Ta ni yóò fín pápá?" ló wí, ó sì wọlé lọ.

Mo lọ sí Modena. Bàbá ṣílẹ̀kùn, ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí bóyá mo ṣì ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí n tó fín. Òtútù ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ṣíbí ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ó ní, "Jẹun." Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún mi.

Ìyá Ìdòwú ló sìn mí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí.

"Rótìmí."

"Mà."

"Bàbá ti dárí jì ọ́. Èmi ò tíì lè ṣe é. Mò ń gbàdúrà sí i. Má wá mọ́ títí n ó fi pè ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ níwájú àwọn èrò. Kò ní kí n dìde. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, mo dìde fúnra mi, mo wọlé.

Ọdún kejì rèé. Èmi nìkan ni mò ń fín pápá Signora, mo sì ń ṣe é dáadáa. Ìyá Ìdòwú kò tíì pè mí.