Ta Ló Ń Fi Orúkọ Bàbá Ràfíù Wọlé?

Òkú wọlé síbi iṣẹ́ wa láàárọ̀ yìí.

Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ o. Èmi ni mò ń tọ́jú sáfà ilé ìwòsàn wa ní Ouando, kọ̀ǹpútà tí àṣírí gbogbo aláìsàn wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ìta wọlé sí i, kọ̀ǹpútà náà yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà sílẹ̀. Ọ̀gá wa ló ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sílé kó máa wọlé mọ́, àfi òun, èmi àti Bàbá Ràfíù, tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà ìjọba Rẹfolúsíọ̀n àtijọ́.

A sin Bàbá lóṣù tó kọjá.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá wọlé láti Avrankou. Ó tún wọlé láti Djègan-Kpèvi!

Mo ní olè ni. Mo ti orúkọ náà pa.

Kò pẹ́, Tàntí Síkírá, nọ́ọ̀sì wa, pè mí láti ilé.
"Àbúrò mi, mi ò rí èsì àyẹ̀wò wò mọ́."
"Orúkọ ta lẹ fi ń wọlé?"
Wọ́n gé fóònù mọ́ mi létí.

Dókítà pè. Mo bi òun náà ní ìbéèrè yẹn, ló bá gé fóònù.

Ibi tí mo ti ń bínú lọ́wọ́ ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọ sí mi.
"Kí lo fọwọ́ kàn? Kò jẹ́ kí n wọlé mọ́."
"Orúkọ ta lẹ fi ń wọlé, ọ̀gá?"
Ó wolẹ̀. "Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé tèmi. Bàbá ló yá mi ní tirẹ̀."

Ọ̀gá yìí kan náà ló dúró létí sàréè, tó ń sunkún pé, "Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ sinmi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n ṣí orúkọ Bàbá padà ni, àbí kí n jẹ́ kí bàbá yìí sinmi lóòótọ́?